Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá tí Marelvis Fi Dán Iṣẹ́ Búlọ́ọ̀gù Wò

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá

Marelvis ọmọ mi kó dé láàárọ̀ yìí. Àpò méjì, kọ̀ǹpútà rẹ̀, fáànù kan, àti ìrọ̀rí tí kò lè sùn láìsí i. Ilé ìwòsàn tí ó ti ń pín oògùn láti ọdún mọ́kànlá fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láìsan owó oṣù. Tí ó bá di ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, ó gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fi ẹlòmíràn sí i. Ó ní òun fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà kọ búlọ́ọ̀gù òun látàárọ̀ dalẹ́, láìṣe nǹkan mìíràn, kí òun lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí òun lè máa jẹun nídìí rẹ̀ nìyẹn.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán ó wò mí lójú. "Bàbá, ẹ̀yin náà fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nígbà kan nítorí rédíò. Ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ṣé iṣẹ́ yìí bá mi mu?"

Mo ní kí ó jẹ́ kí pákí náà tutù díẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo dá lóhùn báyẹn.

Odò ti dé àtẹ̀gùn kẹta ní èbúté.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹwàá

Aago márùn-ún ló ń jí. Ó ń se kọfí, ó ń gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn wà, ó sì ń kọ̀wé títí oòrùn yóò fi lé e wọlé. Etí Odò ni orúkọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀. Mo ka èyí tó gbé jáde lánàá, ti obìnrin tó ń hun àwọ̀n lódìkejì odò tí kò jẹ ẹja rí láyé rẹ̀. Ó dára. Ó dára ju ohun tí mo retí lọ, ojú sì tì mí pé mo retí èyí tí kò dára.

Mo tọ́ka sí kọ́mà kan tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti lu agogo ilé ìwé láti ọjọ́ tó pẹ́ o, ẹ máa lọ sílé."

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹwàá

Òjò látàárọ̀. Iná lọ ní aago mẹ́jọ, kò dé títí di aago mẹ́rin. Marelvis fi ọ̀rá wé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé e lọ sílé fádà tó ní jẹnẹrétọ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀ àti ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Igba ènìyàn àti méjìlá péré ló ka ti obìnrin aláwọ̀n.

Ẹja bokachíko ti wọ́n. Ẹyọ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pésò. Ẹyin la jẹ.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹwàá

Tulia, opó tó ń gbé ní iwájú ilé wa, wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní aago márùn-ún. Láti ọdún mẹ́ta ni Marelvis ti ń gún un fún un, láìgba kọ́bọ̀. Mo ké sí i nínú yàrá. Ó ní, "Mò ń bọ̀." Tulia jókòó. Ó sọ fún mi nípa orúnkún rẹ̀, nípa ọmọ rẹ̀ tó wà ní Barranquilla, nípa orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún ké sí i. "Mò ń bọ̀, Bàbá." Ẹnìkan ní Mẹ́síkò ló kọ ìbéèrè sábẹ́ ìwé rẹ̀, òun ló ń dá lóhùn.

Nígbà tó pé ìṣẹ́jú ogójì, Tulia dìde. "Tíṣà, ẹ bá mi kí gbajúmọ̀ yẹn. Ẹ ní mo kí i. Ẹ ní mo ti gbé ìdí mi padà sílé."

Marelvis jáde lẹ́yìn náà, ó sáré lọ bá a nílé rẹ̀, ó gún abẹ́rẹ́ náà, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ wọn láti ibi tí mo jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà parí sí wọn lára. Kò parí sí mi lára. Mo mọ ohùn tí a fi ń sọ "mò ń bọ̀" yẹn. Ohùn mi ni.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹwàá

Omi wọ ẹ̀yìnkùlé. A to àpò iyanrìn ogún sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń tà á ti gbówó lé e láàárín ọjọ́ méjì.

Marelvis rí owó ìpolówó ọjà tí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ pa lóṣù yìí. Kò tó owó kọfí tí a mu. Ó jókòó ní ilé ìdáná, ó ń sunkún láìpariwo, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré. Ó yẹ kí n gbá a mọ́ra. Ìkòkò ni mo fọ̀. Mo fọ ìkòkò tó ti mọ́.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ Àwọn Òkú. Itẹ́ òkú ti wà lábẹ́ omi, orí àgbélébùú nìkan ló yọ. A gba ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, a sì dúró sí ibi tí a gbà pé ibojì Dilia, ìyàwó mi, wà. Marelvis da òdòdó sójú omi, omi sì gbé e lọ sọ́dọ̀ òkú ẹlòmíràn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ ó béèrè, kò wo ojú mi. "Bàbá, ọjọ́ yẹn. Ẹ ò gbọ́ ọ lóòótọ́?"

Mo ní, "Mi ò gbọ́."

Ó mi orí, ó di ọwọ́ mi mú. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ gbólóhùn yẹn. Kò tíì nira tó báyìí rí.

Nígbà yẹn kò sí fóònù nínú oko àti létí àwọn odò kéékèèké. Rédíò la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Láti aago mẹ́wàá sí aago kan ọ̀sán, èmi Eliécer Ospino ni mo ń ka ìkéde: ta ló bímọ, ta ló kú, màlúù ta ló sọnù, kí lágbájá wá pàdé ìyàwó rẹ̀ ní èbúté. Iye ọ̀rọ̀ ni a fi ń díyelé e, nítorí náà àwọn ènìyàn kì í kọ̀wé gùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Dilia wà nínú oyún oṣù márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Marelvis nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó sáré wá sí ilé iṣẹ́ rédíò. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ inú yàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ tó ọ̀rọ̀ márùn-ún. Ó kọ ọ́: *Bàbá Marelvis, máa bọ̀ kíákíá.* Ó fún obìnrin tó ń gbowó lójú fèrèsé, ó sì sáré padà sílé lọ dúró ti ìyá rẹ̀ àti rédíò.

Mo ka ìwé náà ní aago mọ́kànlá kù díẹ̀. Gbogbo ìlú gbọ́. Mo délé ní aago kan kọjá. Ọkọ̀ ọ̀sán tí ì bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti lọ. Dilia kò dúró de èyí tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo sọ fún gbogbo ayé ni pé ọgbọ̀n ìwé ni mò ń kà lójúmọ́, pé ẹnu mi nìkan ló ń kà á, pé Marelvis mìíràn wà ní oko ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kọkànlá

Ó ti gbé e jáde. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. "Ọ̀rọ̀ Márùn-ún" ló pè é. Ó kọ nípa fèrèsé náà, nípa owó tí òógùn ti mú tutù lọ́wọ́ rẹ̀, nípa rédíò orí tábìlì. Ó kọ̀wé pé: bàbá mi fi ohùn rẹ̀ tó dára jù lọ pe ara rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ni. Kò bínú sí mi níbì kankan nínú rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kọkànlá

Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì ènìyàn ló ti kà á. Láti Ajẹntínà, láti Sípéènì, láti ibi tí n kò mọ̀ pé wọ́n ń ka èdè wa. Onígbàjámọ̀ kò gba owó lọ́wọ́ mi. Fádà fi ọ̀rọ̀ náà wàásù lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí á máa dárí ji àwọn tí kò mọ̀. Àwọn obìnrin dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan lára wọn sunkún sí mi lọ́rùn. Tulia gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dindin wá, ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹun. Ẹ ti ru ẹrù yìí pẹ́ jù."

Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kọkànlá

Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé ìtàn jáde ní Bogotá kọ̀wé sí i. Wọ́n fẹ́ kí ó máa kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó oṣù tó ju ti ilé ìwòsàn lọ ní ìlọ́po méjì, yóò sì máa gbé ní Barranquilla. Ó ka lẹ́tà náà fún mi lórí ìdúró. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpò iyanrìn, ó ní, "Bàbá, ó jọ pé ó bá mi mu o. Ó jọ pé ó bá mi mu."

Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kí ó tó di ọjọ́ tí ìsinmi rẹ̀ yóò parí.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kọkànlá

Omi dé orúnkún nínú ilé ìdáná. Ó ń kọrin bí ó ti ń gbọ́n ọn síta.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kọkànlá

Mo ní láti sọ fún un. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ tó dájú sílẹ̀ nítorí ìtàn kan, irọ́ mi ló sì fi kọ́ ọ. Bí mo bá dákẹ́, yóò gbé gbogbo ayé rẹ̀ lé orí rẹ̀. Mo tún ní ìdí kejì, n kò sì ní fi pamọ́ nínú ìwé tí èmi nìkan ń kà. Mo rò pé bí ó bá mọ ohun tí irú iṣẹ́ yìí sọ mí dà, kò ní lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kọkànlá

Mo ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni. Ó ń ṣa ìrẹsì. Mo ní, "Marelvis, mo gbọ́."

Ó ní, "Kí lẹ gbọ́?"

"Ìwé rẹ. Ọjọ́ yẹn. Kí n tó kà á sókè ni mo ti rí i. Mo mọ ìkọ̀wé rẹ. Mo mọ̀ pé Marelvis wa ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìrẹsì náà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Pé alákòóso ìlú wà nínú yàrá náà pẹ̀lú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé ó wá wo ẹni tí wọn yóò fi ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò tuntun, pé mo fẹ́ kí ó gbọ́ bí mo ti ń ṣe é. Pé Dilia ti ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì rí ní oṣù náà, lẹ́ẹ̀kan nítorí gáàsì tó tán, lẹ́ẹ̀kan nítorí ó rẹ̀ ẹ́, mo sì ti bá a jà pé kí ó má ṣe dójú tì mí lẹ́nu iṣẹ́. Pé mo sọ nínú ara mi pé wákàtí méjì kò jù. Pé mo kà á dáadáa. Mo tilẹ̀ sinmi díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, kí ó lè dùn létí.

Kò pariwo. Ó béèrè pé, "Ẹ sinmi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rántí ibi tí ẹ ti sinmi. Mo sọ fún Màmá pé ẹ ti gbọ́, pé ẹ ń dìde nìyẹn."

Ó da ìrẹsì náà sínú ìkòkò pẹ̀lú òkúta inú rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kọkànlá

Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kọkànlá

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbé oúnjẹ mi síwájú ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kọkànlá

Ó jáde ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́, ó jókòó sí iwájú mi. Mo ti mú ara mi le de èébú. Mo fẹ́ ẹ, ká sọ òótọ́. Ó ní, "Aago mélòó gan-an lẹ kà á? Alákòóso ìlú jókòó sí apá ọ̀tún yín ni àbí òsì? Orin wo lẹ fi sí i lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo dáhùn. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè irú aṣọ tí mo wọ̀. Ó béèrè bóyá ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo ní kò gbọ̀n. Ó fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Mo béèrè bóyá yóò dárí jì mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹ dúró ná, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé èyí," ó sì parí gbólóhùn tí ó ń kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kejìlá

Ó gbé òótọ́ náà jáde láàárọ̀. Ó béèrè àṣẹ lọ́wọ́ mi, mo fún un. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé Bogotá yóò sá, pé ta ni yóò san owó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Tulia dúró lójú ọ̀nà nínú omi, kò gun àpò iyanrìn wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọdún, kò pè mí ní Tíṣà. Ó ní, "Eliécer, èmi ni mo wẹ òkú ìyàwó rẹ. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o ń sọ fún mi pé o ò gbọ́." Ó yíjú padà. Mo dúró títí ó fi wọlé tó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kejìlá

Onígbàjámọ̀ gba owó rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi gé irun mi tán.

Àwọn tó ka èyí ju àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bogotá kò sá. Wọ́n fi nǹkan kún owó náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kejìlá

Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ohùn mi. Wọ́n ní kí n ka ọ̀rọ̀ márùn-ún náà bí mo ti kà á nígbà náà, kí Marelvis gbà á sínú fóònù, kí wọ́n lè fi sí iwájú ìtàn náà. Ó sọ fún mi láìfi ipá mú mi. Ó ní tí n kò bá fẹ́, kò sí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

A ti fèrèsé nítorí ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó di fóònù mú sí ẹnu mi. Mo la ẹnu, mo ní, "Bàbá Marelvis." Mo rí i níwájú fèrèsé náà, pẹ̀lú owó inú ọwọ́ rẹ̀. Mo rí Dilia lórí ibùsùn, tí ó ń gbọ́ mi. N kò tíì gbọ́ ìwé yẹn rí. Mo ti kà á, mo ti parọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n òní ni mo tó gbọ́ ọ. Omijé bọ́. Mo parí rẹ̀ ṣáá, n kò mọ bí ó ti jáde.

Mo gbé ojú sókè. Marelvis ń wo fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbọn-in.

Ó ní, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ jẹ́jẹ́, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un kà. Ohùn yín já lẹ́yìn orúkọ náà."

Mo tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é. Ẹ̀kẹrin ló dára.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kejìlá

Ó ti fọwọ́ sí ìwé Bogotá. Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn pé òun kò ní padà, ó gbé e fún mi pé kí n wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Mo wá a dáadáa, mo fẹ́ kí ó wà. Kò sí.

Omi ti ń fà. Ó fi ìlà dúdú sílẹ̀ lára ògiri.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kejìlá

Mo sìn ín dé èbúté. A dé kí ọkọ̀ tó dé. A jókòó sórí àpótí ọlọ́tí kan, ó sì ń dá àwọn òǹkàwé rẹ̀ lóhùn. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí eléyìí." Mo dúró. Ó parí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. N kò tún béèrè. Mo wo apá rẹ̀, ó gbẹ díẹ̀ ju bó ti wà nígbà tó kó dé. Mo ń ro ìrẹsì àti òkúta, mo ń rò ó pé kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, kò sì tíì sọ pé òun kò dárí jì mí. Mo rò pé kò tíì ráyè.

Nígbà tí wọ́n ti gbé ẹrù rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó fi fóònù sápò. Ó dúró níwájú mi bí ọmọ tó fẹ́ lọ sí ilé ìwé. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo ti fọwọ́ síwèé tán, mo mọ̀. Ẹ kàn sọ ọ́ fún mi. Ṣé ó bá mi mu?"

Mo wá irọ́ tí ì bá ṣe é láǹfààní, n kò rí i.

Mo ní, "Ó bá ọ mu, ọmọ mi. N kò rí ẹni tí ó bá mu bẹ́ẹ̀ rí, àfi ẹnìkan."

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó dì mọ́ mi pẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti sọ òótọ́ fún un. Ó rò pé mo ń súre fún òun ni.